Ìbéèrè Kan Lórí Òkè Ọ̀kà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ kì í pẹ́ di ohun tí ọkàn kò kà sí mọ́. Àárín àpáta ni a bí mi sí ní Àrìgìdì Àkókó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo di olùkọ́, òkè Kilimanjaro ti ilẹ̀ Tànsáníà, tí ó ga ní mítà 5,895, ni mo máa ń yà sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. N kò kó wọn lọ wo òkè tiwa ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì ni ọmọ-ọmọ mi kan, ọmọ ọdún 10, ti Èkó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Mo pinnu pé n kò ní tún àṣìṣe náà ṣe.

Ní kùtùkùtù, èmi àti ọmọ náà wọ ọkọ̀. A gba Ìkàrẹ́ kọjá, ìlú tí a ti bí Moses Orímọládé, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó ní 1925. A dé Àkùngbá, níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin wà. Láti ibẹ̀ ni a ti yà sí ọ̀nà Ọ̀kà, tí ó ń gòkè, tí ó sì ń lọ́ bí ejò.

Nígbà tí a dé òkè, a sọ̀kalẹ̀. Òrùlé páànù tẹ́ lọ nísàlẹ̀ wa. Àwòdì kan ń rà bàbà. Alángbá ń yá oòrùn lórí àpáta. Mo ṣàlàyé fún ọmọ náà pé inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni irú àpáta bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ dì, ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kí òjò àti ẹ̀fúùfù tó gbá erùpẹ̀ orí wọn lọ. Mo sọ bí ogun Núpé ti dààmú Àkókó ṣáájú 1900, tí àwọn baba wa sì fi orí òkè ṣe ibi ìsádi. Mo wá fi kún un pé nígbà tí mo wà ní ìwọ̀n rẹ̀, ọ̀bọ a máa wá jí àgbàdo wa jẹ ní ẹsẹ̀ òkè.

Ó wò yíká. Ó ní, "Bàbá àgbà, níbo ni wọ́n wá lọ?"

Mo ti fẹ́ sọ pé ayé ni ó yí padà, ṣùgbọ́n ahọ́n mi kọ̀. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ṣáná sí koríko ẹ̀gbẹ́ òkè nítorí òkété. Ọyẹ́ ń fẹ́; apá wa kò ká iná náà mọ́. Ọjọ́ méjì ni ó fi jó. Ní ọjọ́ kẹta, a rí ìyá ọ̀bọ kan tí ó ti kú, ọmọ rẹ̀ sì wà láyà rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọyẹ́ ni ó fà á. A gbà bẹ́ẹ̀, a sì pa ẹnu mọ́. Mo di ọ̀gá ilé-ìwé, mo ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́, irọ́ tèmi sì wà nínú mi.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ náà. Kò fèsì. Títí a fi padà dé ilé ni ó ń wo ẹ̀gbẹ́ òkè láti ojú fèrèsé, bóyá òun yóò rí ẹyọ kan.

Lóòótọ́, iná wa nìkan kọ́ ni ó lé wọn lọ. Ìbọn àti àáké pẹ̀lú ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n ní Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005, èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe, ọ̀bọ sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ohun tí a bá ṣọ́ ni ó ń kù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mọ ilẹ̀ yín kí ẹ tó mọ ti ẹlòmíràn. Bí ẹ bá sì ba ohun kan jẹ́, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà. Èmi jẹ́wọ́ lórí òkè Ọ̀kà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀bọ tí ó gbọ́.