Ìlẹ̀kẹ̀ Òkúta Ìlọrin

Nígbà ìsinmi mi lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, mo gba ọ̀nà Kàbbà àti Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin. Mo bèèrè àwọn tí ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa tí à ń pè ní lantana. Àwọn àgbà dáhùn pé iṣẹ́ náà ti parẹ́.

Láti Ọ̀yọ́ Ilé ni iṣẹ́ yìí ti wá. Nígbà tí ìlú náà tú láàárín ọdún 1830 sí 1840, àwọn oníṣẹ́ gbé e wá sí Ìlọrin. Òkúta náà le púpọ̀. Wọn a ṣá a díẹ̀díẹ̀, wọn a lu ihò sí i, wọn a sì máa fi omi yún un lórí òkúta mìíràn títí yóò fi dán.

Àwọn ará Ṣáínà ìgbà láéláé ṣe irú rẹ̀. Ní Liangzhu, ní nǹkan bí ọdún 5,000 sẹ́yìn, wọn kò ní irin, bẹ́ẹ̀ ni òkúta tí wọ́n ń pè ní jade le koko. Okùn, omi àti yanrìn ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ. Okùn ń fa yanrìn, yanrìn sì ń jẹ òkúta. Ẹni tó bá ní sùúrù ni í se òkúta jinná.

Okùn lantana kan wà lọ́wọ́ ìyá mi, ìyá rẹ̀ ló fi í lé e lọ́wọ́. Oníṣòwò kan ti ná an, nítorí owó ilé-ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò tíì pé. Àwa ọmọ dá owó náà jọ, ìlẹ̀kẹ̀ kò jáde nílé.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ yẹ àpótí yín wò. Èyí tó jẹ́ òkúta a máa tutù lára, a sì wúwo. Ti rọ́bà fúyẹ́. Kí ẹ tó tà á, ẹ pe àwọn ọmọ, ẹ sọ ọrùn tí ó ti wà rí fún wọn. Owó tí a ná yóò tún wọlé, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà kò sí mọ́.