Àwọn Ọwọ́ Tí Ó Ya Ogun

Bí ènìyàn bá gbé kọ́míìkì Commando kan lọ́wọ́, ìwé kékeré tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ, tí idà kúkúrú àwọn ajagun kọmándò wà lára orúkọ rẹ̀, àwọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbà á lójú: iná tí ń jó ìrù ọkọ̀ òfurufú, èéfín tí ó dì mọ́ ojú òkun, ọ̀gágun tí ó fajú ro sí ibi tí ọta ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ní kété tí ó bá ṣí èèpo ìwé náà, àwọ̀ tán. Tàdáwà dúdú lórí bébà funfun ni ó kù, àwòrán méjì tàbí mẹ́ta lójú ewé kan, títí ojú ewé tí ó lé ní 60 yóò fi tán, tí ọ̀tá yóò ti sá, tí ọ̀dàlẹ̀ yóò sì ti gba èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ D.C. Thomson ní ìlú Dundee, ilẹ̀ Scotland, ni ó ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde láti ọdún 1961, mẹ́rin ni ó sì ń jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì: méjì tuntun, méjì àtúntẹ̀ láti inú àká àtijọ́.

Ojú tí mo fi ń wo méjèèjì kò dọ́gba. Tuntun ni mo máa ń kà. Àtúntẹ̀ ni mo máa ń wò. Ẹni tí ó ti mọ̀ pé ọmọ-ogun tí wọ́n pè ní ojo níbẹ̀rẹ̀ ni yóò gba gbogbo ẹgbẹ́ là níkẹyìn, kí ni yóò tún máa sáré bá ìtàn kiri fún? Ìtàn náà, kí a má tan ara wa, kò jinlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn: igbe ni àwọn ará Jámánì ń ké, igbe ni àwọn ará Japan ń ké, ọta tí kò sì níye kò lè ba akíkanjú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tí eré ìtàn bá ti rọ̀ lẹ́sẹ̀ ni ojú tó ń ráyè rí i bí ayàwòrán ti fi òkùnkùn bo ìdajì ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà, bí ó ti fi ìlà mẹ́rin péré ya bàtà tí ó rì sínú ẹrẹ̀, àti bí ó ti fi aṣálẹ̀ Áfíríkà Àríwá sílẹ̀ ní funfun gbalaja, láìfọwọ́ kàn án, tí ooru sì mú nínú rẹ̀.

Ta ni ó ní ọwọ́ wọ̀nyẹn? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé náà kò sọ. Kò sí orúkọ òǹkọ̀wé, kò sí orúkọ ayàwòrán. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ tiwa rí: nígbà tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ lọ sí àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley, ní London, ní ọdún 1924, ẹnu ya àwọn tí ó wò ó, ṣùgbọ́n orúkọ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tí ó gbẹ́ ẹ, kò bá a dé ọ̀hún. Nílé, ẹni iyì ni. Ìyàwó rẹ̀ kan ṣì ń ki oríkì rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 50 lẹ́yìn ikú rẹ̀, oríkì náà ni wọ́n sì gbà sílẹ̀. Àwọn ayàwòrán Dundee kò ní olóríkì. Àwọn òǹkàwé tí ojú wọn mú ni ó ń dá ọwọ́ mọ̀ fúnra wọn, tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn pé ẹni tí ó ya ọkọ̀ òfurufú yìí ni ó ya ti oṣù tó kọjá.

Àtúntẹ̀ ni ó wá san gbèsè náà. Orúkọ ti wà lójú ewé àkọ́kọ́ báyìí: Ken Barr, tí ó ya èèpo àkọ́kọ́ pàá, Gordon Livingstone, tí tàdáwà rẹ̀ kún inú ìwé wọ̀nyí fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti Ian Kennedy, ọmọ Dundee tí a bí ní ọdún 1932, ẹni tí èmi fẹ́ràn jù. Nígbà tí Kennedy kọ́kọ́ dé ilé-iṣẹ́ náà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, kíkun àwọn àpótí dúdú inú eré àdììtú ọ̀rọ̀ ti ìwé ìròyìn Sunday Post wà lára ohun tí wọ́n gbé fún un ṣe. Láti inú àpótí dúdú ni ó ti rìn títí tí èèpo Commando tí ó yà fi lé ní 1,000 kí ó tó papò dà ní ọdún 2022, èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ni pé kò sí ẹni tí ó ya ọkọ̀ òfurufú tí ó dà bí ohun tí ó wúwo, tí ó sì ń fò, bí i tirẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn abánidíje Commando ní London, àwọn tí ó tẹ kọ́míìkì War Picture Library láti ọdún 1958, ará Ítálì kan tí ń jẹ́ Hugo Pratt wà lára àwọn tí ó yàwòrán láìsí orúkọ, kí ayé tó mọ̀ ọ́n bí olówó ti ń mọ owó rẹ̀ nítorí kọ́míìkì rẹ̀, Corto Maltese. Ọmọdé ni nígbà tí bàbá rẹ̀ ń ṣe ọmọ-ogun Ítálì ní Ethiopia, bàbá náà sì kú sí ìgbèkùn ogun. Bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń rẹ àwọn ọmọ-ogun tí ó yà, àní nígbà tí wọ́n bá ń ṣẹ́gun.

Kì í ṣe orúkọ nìkan ni àtúntẹ̀ ń dá padà. Ìtàn Charley's War, tí Pat Mills kọ, tí Joe Colquhoun sì yà, bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé kọ́míìkì Battle ní ọdún 1979: Charley Bourne, ọmọ ọdún 16, purọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ kí wọ́n lè gbà á sí iṣẹ́ ogun, ó sì bá ara rẹ̀ lójú ogun Somme ní ọdún 1916. Colquhoun ya ẹrẹ̀, wáyà ẹlẹ́gùn-ún, eku àti ojú àwọn òkú pẹ̀lú sùúrù tí kò tọ́ sí owó tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń mú wá. Ṣùgbọ́n a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Bébà olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ lé, tàdáwà sì tàn ká. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ lórí bébà gidi láti ọdún 2004, àwọn ìlà tín-ín-rín tí ó ti rì tún yọ. N kò fara mọ́ àwọn tí ń padà kun àwọ̀ sí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi dúdú ronú, kí a jẹ́ kí dúdú sọ̀rọ̀ fún un.

Ohun kan ṣì kù tí àtúntẹ̀ kò lè ṣe, nítorí a kì í tún ohun tí a kò yà rí tẹ̀. Ní ọdún 1944, àwọn ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú wọn, la igbó àfonífojì Kaladan kọjá ní Bọ́mà, wọ́n ru ẹrù ogun lórí bí a ti ń ru ẹrù ọjà, ọkọ̀ òfurufú Dakota sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti òkè. N kò tíì rí ọ̀kan nínú àwọn ìwé kékeré wọ̀nyí tí ó fi wọ́n ṣe akọni ìtàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ kún inú ìtàn wọn fún ayàwòrán: ọkọ̀ lókè, odò nísàlẹ̀, àwọn arẹrù láàárín igi tí oòrùn kò lè là kọjá. Méjì tuntun ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, àyè wà. Bí ẹnì kan bá sì yà á, kí wọ́n má gbàgbé láti kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́.