Ojú Ìwé Tí Lúùkù Parí Sí

Ìwé àtijọ́ kan wà ní Ibi Ìkówèésí Vatican ní Róòmù tí àwọn onímọ̀ ń pè ní P75. Íjíbítì ló ti wá. Èdè Gíríìkì ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí òrépèté, koríko etí odò tí wọ́n ń là, tí wọ́n ń lẹ̀ pọ̀ di ìwé. Gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 26, fífẹ̀ rẹ̀ tó 13, ó rí gbọọrọ bí ìwé tí ìyá ọlọ́jà fi ń kọ gbèsè. Ojú ìwé bíi 144 ló ní nígbà tó pé. 102 ló ṣẹ́ kù, àwọn mìíràn sì ti ya jákujàku. Ìhìnrere Lúùkù àti ti Jòhánù ló wà nínú rẹ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká tẹjú mọ́, ibi tí Lúùkù tán sí tí Jòhánù sì ti bẹ̀rẹ̀.

Lókè, ọ̀rọ̀ kún ìlà fọ́fọ́. Lẹ́tà gàdàgbà ń tẹ̀ lé lẹ́tà gàdàgbà, ọ̀rọ̀ kan wọ inú èkejì, ẹni tó ń kà á ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ yà wọ́n. Ọwọ́ akọ̀wé náà dára, kò kánjú. Bó bá kan orúkọ Ọlọ́run tàbí ti Jésù, kì í kọ ọ́ tán: lẹ́tà díẹ̀ ni yóò mú níbẹ̀, yóò sì fa ìlà lé e lórí. Níbòmíràn nínú Lúùkù, tó bá dé orí ọ̀rọ̀ àgbélébùú, ó máa ń gbé lẹ́tà méjì gun ara wọn tí ojú á fi rí ènìyàn lórí igi. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ dá. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn wà nínú tẹ́ńpìlì, wọ́n ń yin Ọlọ́run, Lúùkù parí. Àlàfo wá ṣí sílẹ̀, àkọlé sì jókòó síbẹ̀: Ìhìnrere gẹ́gẹ́ bí Lúùkù. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni òmíràn: Ìhìnrere gẹ́gẹ́ bí Jòhánù. Lúùkù gba orúkọ nígbà tó ti sọ̀rọ̀ tán, Jòhánù gbà á kó tó la ẹnu.

Kò sì sí ibì kan nínú ìhìnrere méjèèjì tí òǹkọ̀wé ti ní èmi Lúùkù, èmi Jòhánù. Ibi tó sún mọ́ ọn jù nínú Lúùkù ni ìbẹ̀rẹ̀, níbi tó ti ń sọ fún Tìófílù pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ irú ìtàn yìí, òun náà sì ti wádìí rẹ̀. Ti Jòhánù, ìparí ni, níbi tí wọ́n ti tọ́ka sí ọmọ-ẹ̀yìn tí Jésù fẹ́ràn láìdárúkọ rẹ̀. P75 ti pàdánù ibi méjèèjì! Orí kẹta ni Lúùkù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, orí 15 sì ni Jòhánù rẹ̀ já sí. Àkọlé nìkan ló wà níbẹ̀ láti sọ ẹni tó kọ wọ́n.

Ní nǹkan bí ọdún 180, Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Lyon, ti ń dárúkọ àwọn òǹkọ̀wé ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Mátíù, Máàkù, Lúùkù àti Jòhánù, bí a ṣe mọ̀ wọ́n. Ṣáájú rẹ̀, Papias, òǹkọ̀wé Kristẹni kan, ti ní Máàkù ló ṣe ògbufọ̀ fún Pétérù, ohun tó rántí ló sì kọ. Àwọn tó gbà pé àwọn tí wọ́n dárúkọ ló kọ ìwé náà lóòótọ́ máa ń béèrè pé bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fi orúkọ lé wọn ni, kí ló dé tó fi jẹ́ Máàkù àti Lúùkù, tí wọn kò sí lára àwọn àpọ́sítélì méjìlá? Ìbéèrè náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ti Mátíù, tó wà lára àwọn méjìlá, ló ṣòro. Nínú ẹsẹ 661 tí Máàkù ní, ohun tó lé ní 600 ló tún jáde nínú Mátíù, lọ́pọ̀ ibi lọ́rọ̀ kan náà. Ẹni tó bá Jésù rìn, kí ló ń wá nínú ìwé ẹni tí kò sí níbẹ̀?

Lójú tèmi, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àkọlé wọ̀nyí ń ṣe ni láti ya ìwé kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ìjọ tó ní ìhìnrere kan ṣoṣo lọ́wọ́ kò nílò orúkọ lára rẹ̀. Ìgbà tí méjì bá wọ inú èèpo kan ni ẹni tó ń kà á yóò fẹ́ mọ ibi tí ti ẹnì kan pin sí. Orúkọ náà lè jẹ́ òótọ́ o. Mo kàn ń sọ ohun tó gbé e dé ibi tó wà ni.

Akọ̀wé P75 náà kò fi orúkọ sílẹ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ rẹ̀ sí àárín ọdún 175 sí 225, kí onímọ̀ kan, Brent Nongbri, tó wá sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ọ̀rúndún kẹrin. Inú àkójọ Martin Bodmer ní Switzerland ló wà nígbà tí wọ́n tẹ ohun inú rẹ̀ jáde ní 1961. Ìparí 2006 ló dé Vatican. Ibẹ̀ ló bá Codex Vaticanus, Bíbélì àtijọ́ kan ní èdè Gíríìkì, tí ọ̀rọ̀ Lúùkù àti Jòhánù inú rẹ̀ jọ tirẹ̀ gan-an. Àkọlé ni kò bára mu. Vaticanus kò kọ “Ìhìnrere” rárá: “Gẹ́gẹ́ bí Lúùkù” ni, “Gẹ́gẹ́ bí Jòhánù” ni, bí ẹni pé ìhìnrere kan náà ni gbogbo wọn ń sọ.