Ikú Python 2 àti lẹ́tà 11 inú orúkọ Ṣẹ́gun

Nígbà tí ìròyìn kọ́kọ́ dé sórí WhatsApp kíláàsì wa pé Python 2 máa kú lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020, ẹ̀rín la fi í rín. Ẹnìkan fi àwòrán pósí ránṣẹ́. Ẹlòmíràn ń béèrè iye tí wọ́n ń ta aṣọ ẹbí. Ìtumọ̀ ikú ọ̀hún ni pé àwọn tó ń tún èdè kọ̀ǹpútà náà ṣe kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Bí ibì kan bá jò, kò sẹ́ni tó máa dí i. Àwa mẹ́rin tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní ká máa bójú tó ìwé orúkọ kò mọ̀ pé òkú wa ni wọ́n ń sọ.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde ló fi ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan sílẹ̀ fún ẹgbẹ́. Á ka orúkọ láti inú fáìlì, á tò wọ́n, á sì gbé káàdì ìdánimọ̀ jáde. Python 2 ni wọ́n fi kọ ọ́. Kò sí orúkọ kan tó ní àmì nínú fáìlì yẹn: Segun, Sola, Olorunfemi. A gbà pé ọ̀lẹ ló ṣe àwọn ẹ̀gbọ́n, a sì sọ ọ́ síta. Ṣé ẹgbẹ́ Yorùbá ló yẹ kó máa kọ Yorùbá báyìí? Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná wà ní hóstẹ̀lì, a jókòó, a fi àmì sí gbogbo orúkọ pátá, a ní kí ètò náà ṣiṣẹ́. UnicodeDecodeError ló fi dá wa lóhùn.

A wá ìdáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a rí ẹni tó ní ká fi ìlà méjì kan kún un lókè. A fi kún un. Àṣìṣe náà lọ, inú wa dùn, a gbé fáìlì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ káàdì, a sì sanwó.

Lọ́jọ́ tí a pín káàdì, jambite kan dúró títí àwọn yòókù fi lọ. Ó na káàdì rẹ̀ sí wa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, orúkọ mi ò pé." Ọlọ́runfẹ́mi lorúkọ rẹ̀. Ohun tó wà lórí káàdì ni "Ọlọ́runf", àmì ìbéèrè kan sì wà nídìí ẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́run fẹ́, kọ̀ǹpútà ò fẹ́ ẹ. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní látìgbà tóun ti wọ yunifásítì, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kọ orúkọ òun láìlámì, òun sì rò pé ti ẹgbẹ́ Yorùbá máa yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn lé oorun lójú wa. Ìlà kan wà nínú ètò náà tó ní kí orúkọ má ju lẹ́tà 15 lọ. Lẹ́tà 10 péré ló wà nínú Ọlọ́runfẹ́mi, kí ló wá gé e? A ní kí Python 2 bá wa kà á, ó ní 20 ni. A fún un ní Ṣẹ́gun, ó ní 11. A fi ìka ọwọ́ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá àwa la ṣì í kà: márùn-ún ni.

Python 2 kì í ka lẹ́tà, báìtì ló ń kà. Ìlànà ASCII tó gbára lé kò ní ju àmì 128 lọ, ohun tí Amẹ́ríkà nílò ló sì wà níbẹ̀: kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Ìlànà UTF-8 tí a fi tọ́jú fáìlì wa ló ní tiwa. Báìtì kan ni "e" ń gbà níbẹ̀, "ẹ" ń gbà mẹ́ta, àmì ohùn tí a gbé lé e lórí ń gba méjì sí i. Nípa bẹ́ẹ̀, Ṣ mẹ́ta, ẹ mẹ́ta, àmì òkè méjì, g, u, n. Ó pé 11. Ìgbà yẹn ló yé wa pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló mú àwọn ẹ̀gbọ́n wa yọ àmì. A pe ọ̀kan nínú wọn lórí fóònù, ó kàn bú sẹ́rìn-ín ni: "Ẹ̀yin náà ti forí gbá ògiri yẹn?" Ẹ má bínú sí wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n.

Èyí tó dùn wá jù ni pé ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2008 ni Python 3 ti jáde, ọ̀rọ̀ yìí gan-an sì wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Guido van Rossum, ará Netherlands tó dá èdè náà sílẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pinnu pé ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀, kí báìtì sì dá dúró lọ́tọ̀, bí kóòdù àtijọ́ tilẹ̀ máa bàjẹ́. Kóòdù àtijọ́ bàjẹ́ lóòótọ́, ariwo sì ta. Ọdún 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún òpin Python 2; nígbà tó di 2014, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì kó kúrò, wọ́n sún un di 2020. Àwa náà wà lára àwọn tó ń bú Python 3. Nítorí kí ni? Nítorí pé ó ní ká máa fi àkámọ́ sí print, àti pé 7/2 tó máa ń jẹ́ 3 tẹ́lẹ̀ ti wá di 3.5. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kí orúkọ wa lè pé, àkámọ́ la rí níbẹ̀.

Guido fúnra rẹ̀ ò sí lórí ìtẹ́ mọ́ nígbà tí òkú náà délẹ̀. Oyè tí wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ ni apàṣẹwàá onínúure títí ayé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2018, lẹ́yìn àríyànjiyàn lórí àmì kékeré kan, :=, ó ní ó ti sú òun, ó sì sọ oyè kalẹ̀. Wọn ò fi ọba mìíràn jẹ. Wọ́n dìbò yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, òun náà sì wọlé. Ẹ fojú inú wo Ọ̀yọ́ Mèsì láìsí Aláàfin, kí Aláàfin àná wá jókòó láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí káàdì. A fi irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ 2to3 sọ kóòdù náà di Python 3, àkámọ́ sì bọ́ síbi tó yẹ. A béèrè Ṣẹ́gun. Ó ní 6. A tún béèrè Ṣẹ́gun mìíràn nínú fáìlì kan náà, ó ní 8! Bí ìbejì ni wọ́n rí lójú, ṣùgbọ́n tí a bá wá ọ̀kan, èkejì kì í jáde. Akápò wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba owó ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn.

Unicode fún "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó fún "é" náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní. Àmì òkè gbọ́dọ̀ dá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bọ́tìnì fóònù àwọn kan sì tún ń ya àmì ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ àti ṣ. Ìlà kan ló yanjú ìyẹn, unicodedata.normalize('NFC', orukọ), àwọn ìbejì méjèèjì di 6. A tún kọ ìlà mẹ́rin tí kì í ka àmì ohùn mọ́ lẹ́tà, Ṣẹ́gun sì di 5. Ní ti títò, gbogbo Ọlá ṣì ń lọ sísàlẹ̀ pátápátá lẹ́yìn Yẹmí. Ìyẹn dọjọ́ mìíràn.

Lógúnjọ́ oṣù Kẹrin ọdún 2020 ni wọ́n gbé Python 2.7.18 jáde, èyí tó kẹ́yìn pátápátá. Ìpàdé ńlá àwọn oní-Python tó yẹ kó wáyé ní Pittsburgh lásìkò náà ò lè wáyé lójúkojú nítorí Kòrónà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé e lọ. Ilé làwa náà wà nígbà náà, ilé ẹ̀kọ́ ti wà ní títì láti oṣù Kẹta ọdún yẹn. Káàdì tuntun kan ṣoṣo la ti tẹ̀ kó tó di pé wọ́n ní ká máa lọ. Ó wà nínú báàgì ọ̀kan nínú wa, Ọlọ́runfẹ́mi sì pé lórí rẹ̀, lẹ́tà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. A pinnu nígbà náà pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí géètì, ọwọ́ ọmọ yẹn la máa kọ́kọ́ fi í lé.