Wáyà Ilẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín.

Mo ra ẹ̀rọ orin kan sí ilé wa ní Kétu. Bí mo bá tàn án, a máa kùn bí oyin. Bí mo bá fọwọ́ kan àpótí irin rẹ̀, a máa ta mí lọ́wọ́. Mo ní kò burú. Ní ọjọ́ kan, ọmọ mi fi ọwọ́ tútù kàn án. Iná mànàmáná gbé e ṣubú. Ọpẹ́ ni pé ó dìde.

Mo pe oníṣẹ́ iná. Ó ní: "Bàbá, wáyà ilẹ̀ yín kò so mọ́ nǹkan kan." Wáyà náà ní àwọ̀ ewé àti ìyeyè. Ó gbá ọ̀pá bàbà mítà 2 wọ ilẹ̀ tútù, ó sì so wáyà náà mọ́ ọn. Ọ̀pá nìkan kò tó. Ó tún fi ẹ̀rọ kékeré kan sí ibi tí iná ti ń wọlé. Bí iná bá ń jò sílẹ̀, ẹ̀rọ yìí á pa iná fúnra rẹ̀.

Kíkùn ńkọ́? Ó ki gbogbo ohun èlò orin bọ ojú iná kan ṣoṣo, kí wọ́n lè ní ilẹ̀ kan náà. Bí ilẹ̀ bá di méjì, iná díẹ̀ a máa gba inú wáyà orin kọjá. Òun ni ó ń kùn. Ní báyìí, orin mi mọ́ kedere.

Ìwọ tí ò ń kà á, má ṣe gé wáyà ilẹ̀ láé. Bí irin bá ta ọ́ lọ́wọ́, pa iná, kí o pe ẹni tó mọ iṣẹ́. Má dúró de ọjọ́ tí ọmọ rẹ máa ṣubú.