Ilé Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Mú Ọmọdé Gun Òkè

Bí bàbá kan ní Òkèlúsè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, bá sọ pé òun àti ìyàwó òun fẹ́ kó àwọn ọmọ àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ lọ gun òkè ní ọjọ́ Sátidé, ohun tí aládùúgbò máa kọ́kọ́ bi í ni pé kí ló sọnù sórí òkè. Ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu ni. Ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ rin láti ìdí kòkó dé ìdí ẹ̀gẹ́ láti ọjọ́ Ajé, tó tún ń ru ẹrù bọ̀ wálé, kò ní ka ìrìn sí ìgbafẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá a wí. Ṣùgbọ́n mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, ó sì dá mi lójú pé gígun òkè pẹ̀lú ọmọ kékeré kì í ṣe àṣà àjèjì tí a yá lò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe fàájì olówó. Ẹ̀kọ́ ni, ilé ló sì yẹ kí ọmọ ti kọ́kọ́ gbà á. Bí a bá fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí ilé-ìwé yóò kó gbogbo kíláàsì sínú bọ́ọ̀sì lọ wo Ìdànrè, ọmọ yóò rí òkè lóòótọ́, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí òkè lè kọ́ ọ ni kò ní bá a délé.

Ìdànrè ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí mo ní. Òun ni òkè tó lókìkí jù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni ènìyàn sì máa gùn kó tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lókè, pẹ̀lú ibi ìsinmi lójú ọ̀nà. Ààfin àtijọ́ Ọwá, ọba Ìdànrè, wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896 náà wà níbẹ̀. Ọdún 1923 ni àwọn ará ìlú sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ níbi tí Ìdànrè wà lónìí, nígbà tó sì di 2007, wọ́n fi ibẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Àwọn tó ń lọ wò ó máa ń sọ̀rọ̀ ààfin àti ipasẹ̀ kan lára àpáta, tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Agbóògùn inú ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà. Ní tèmi, ilé-ìwé yẹn ló wúwo jù. Ibi tí ilé-ìwé bá wà, ọmọ wà níbẹ̀. Kí ilé-ìwé náà tó dé pàápàá, orí àpáta yẹn ni àìmọye ọmọ ti kọ́ bí a ti ń rá, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ti ń rìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jíṣẹ́ fún àgbà. Kò sí ìyá kan níbẹ̀ tó ń bèèrè bóyá òkè yẹ ọmọdé, torí pé òkè ni ilé.

Àwọn kan yóò sọ pé ogun ló gbé àwọn baba wa lọ sórí òkè, pé wọn kò lọ ṣeré. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá tó sá dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830 kò wá ìgbafẹ́ wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ́rìí sí. Ibi tí kò bá gba obìnrin tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tí kò gba ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, kò lè jẹ́ ibi ìsádi fún ìlú kankan. Torí náà, ẹni tó bá ní ogun ló gbé wa débẹ̀ ti gbà, bóyá láìmọ̀, pé ọmọ wà nínú àwọn tó gun òkè wọ̀nyẹn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ lọ jìnnà ju ìyẹn lọ, Ihò Eléérú wà ní ìtòsí Ìsarun, lápá Àkúrẹ́, níbi tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti wa egungun ènìyàn jáde ní 1965, èyí tí àwọn onímọ̀ fojú bù sí nǹkan bí 13,000 ọdún. Abẹ́ àpáta ni ẹni yẹn sùn sí. Ó ti pẹ́ gan-an tí ènìyàn àti àpáta ti jọ ń gbé ní ilẹ̀ yìí.

Ẹ̀rí kejì kò nílò ìwé ìtàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lọ sí orí òkè àdúrà kankan ní ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ ọ́n. Láti Òkè Màríà ní Ọ̀kà Àkókó, níbi tí àwọn Kátólíìkì ń wọ́ lọ, títí dé àwọn òkè tí ìjọ Aládùúrà ń lò, àwọn ìyá ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ wọn ló sì pọn ọmọ. Ọ̀já tí wọ́n so yẹn gan-an ni irinṣẹ́ tó dára jù fún gígun òkè pẹ̀lú ọmọ ọwọ́: ó gbé ìwọ̀n ọmọ sún mọ́ ẹ̀yìn ìyá, ọwọ́ ìyá méjèèjì sì ṣófo láti di ohun tó bá fẹ́ dì mú. Torí náà, kò sí ìdí láti máa sọ pé a kò mọ bí a ṣe ń ṣe é. A mọ̀ ọ́n. Àdúrà àti ọdún nìkan ni a fi mọ sí, bí ọdún Olósùnta ní Ìkéré-Èkìtì. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a fi ọjọ́ kan kún un tó jẹ́ pé nítorí ọmọ fúnra rẹ̀ ni a ṣe gùn ún.

Kí ló wá dé tó fi yẹ kó jẹ́ ilé, tí kì í ṣe ilé-ìwé? Nítorí ìbéèrè ni. Ọmọ ọlọ́dún márùn-ún kì í gun òkè bí àgbà. Yóò dúró wo èèrà, yóò ṣa òkúta, yóò jókòó láìsọ fún ẹnì kan, yóò sì bèèrè ohun tí kò sí nínú ìwé. Olùkọ́ tó kó àádọ́ta ọmọ dání kò lè dúró dè é. Ó gbọ́dọ̀ kà wọ́n, ó gbọ́dọ̀ tètè kó wọn padà. Bàbá àti ìyá lè jókòó. Ọmọ Òkèlúsè pàápàá ní ìbéèrè kan tí ọmọ ibòmíràn lè má ní, torí pé ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí ní òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì lábẹ́. Òkúta yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ àpáta Ìdànrè rárá. Ìsàlẹ̀ òkun ni ó ti dì, láti ara ìkarawun àti egungun àwọn ohun abẹ̀mí inú omi tó ń rọ̀ sílẹ̀ lé ara wọn, nígbà tí òkun ṣì bo apá ibẹ̀, ó sì lé ní 50 mílíọ̀nù ọdún. Ti Ìdànrè, inú ilẹ̀ jíjìn ni ó ti wá: òkúta tó yọ́ nínú ooru, tó tutù díẹ̀díẹ̀ títí tó fi le koránkorán, tí òjò àti atẹ́gùn sì wá ṣí ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ìyẹn lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Ọmọ tí wọ́n bá jẹ́ kó fọwọ́ kan àpáta méjèèjì, tó rí i pé ọ̀kan ń fọ́, tí èkejì ń ta iná lára irin, tí wọ́n sì sọ fún un pé òkun ti wà ní ìlú rẹ̀ rí, ti rí ilẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà tí kò sí àwòrán tó lè fi hàn án. Kò ní lóye mílíọ̀nù ọdún, mo gbà. Yóò lóye pé ilẹ̀ ní ìtàn, ìyẹn sì tó fún ọlọ́dún márùn-ún.

Ti ara náà wà níbẹ̀. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin gbọ́dọ̀ máa fi ìṣẹ́jú 180, ó kéré tán, lo ara rẹ̀ lójúmọ́, àti pé kí jíjókòó ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin níwájú tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù má ju wákàtí kan lọ. Ẹni tó ń gbé oko yóò ní ọmọ tòun ń rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì bá a jiyàn. Àmọ́ ọmọ tó ń gbé ní Ọ̀wọ̀ tàbí Ìfọ́n, tí bàbá ń fi ọ̀kadà gbé lọ sílé-ìwé, tí wọ́n sì ń fi fóònù rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nírọ̀lẹ́, kò rìn tó bẹ́ẹ̀. Ìrìn oko pàápàá, iṣẹ́ àgbà ni: àgbà ló mọ ibi tí wọ́n ń lọ, ọmọ ń tẹ̀ lé e. Lórí òkè, ọmọ lè ṣáájú. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé afẹ́fẹ́ òkè yóò pa ọmọ lára. Àìsàn tí òkè gíga máa ń fà kì í sábàá ṣe ènìyàn bí kò bá tíì dé nǹkan bí 2,500 mítà, Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba, tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, kò sì ju 2,419 mítà lọ. Òkè Ìdànrè kò tó 1,000. Ní Kilimanjaro ní Tanzania, tó ga ní 5,895 mítà, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá gùn ún dé ṣóńṣó, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Tiwa kì í ṣe irú èyí.

Ewu tó wà lórí òkè tiwa, ewu ìṣubú, oòrùn, òjò àti ejò ni. N kò fojú kéré ọ̀kankan nínú wọn. Àpáta tí òjò bá ti rọ̀ lé máa ń yọ̀, àrá sì burú fún ẹni tó dúró lórí àpáta gbalasa, nítorí náà láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni kí ìdílé lọ. Ẹni tó ń bọ̀ láti Òkèlúsè wá sí Ìdànrè máa gba Ìfọ́n, Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ kọjá. Yóò dára kó sùn sọ́dọ̀ ẹbí kan ní Àkúrẹ́ tàbí Ìdànrè fúnra rẹ̀, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún ní agogo méje àárọ̀, kí oòrùn tó gba ara àpáta. Kí wọ́n má kúrò lójú ọ̀nà wọ inú koríko. Kí omi pọ̀ ju oúnjẹ lọ. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn kì í lè sọ pé òǹgbẹ ń gbẹ òun, kí wọ́n máa fún un ní ọmú tàbí omi bó ti yẹ ọjọ́ orí rẹ̀, kó tó bú sẹ́kún. Kí ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn wọ bàtà tó dè mọ́ ẹsẹ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìgbà yẹn ni orúnkún ọmọ ń gbọ̀n, kí àgbà kan sì wà níwájú rẹ̀ nísàlẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí òbí ti fi ọkàn gbà láti ilé pé bí ó bá rẹ ọmọ ní ìdajì ọ̀nà, ibẹ̀ ni òkè parí sí lọ́jọ́ yẹn. Òbí tó bá ń fi ìbínú fa ọmọ lọ́wọ́ kó lè ya fọ́tò lókè kò ní kọ́ ọmọ náà ní nǹkan kan ju ìkórìíra òkè lọ.

Àtakò kan wà tí n kò lè fi ìmọ̀ràn bàtà dáhùn. Lẹ́yìn ìkọlù tí àwọn agbébọn ṣe sí àwọn olùjọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St Francis ní Ọ̀wọ̀ ní 5 oṣù Kẹfà 2022, àti lẹ́yìn gbogbo ìròyìn ìjínigbé lójú ọ̀nà wa, ta ló máa bá òbí tó ní òun kò kó ọmọ lọ sí ibi àdádó kankan wí? Èmi kò ní bá a wí. Nítorí èyí ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀ Ìdànrè tí àlejò ń lọ, tí n kò sọ pé kí ìdílé kan ṣoṣo máa ya wọ igbó òkè lápá Ìdóàní. Kí ìdílé mẹ́ta mẹ́rin jọ lọ. Kí wọ́n rin ọ̀nà lójú ọ̀sán. Bí ìròyìn ọ̀nà bá burú lọ́sẹ̀ yẹn, kí wọ́n jókòó sílé. Àmọ́ n kò gbà pé ìbẹ̀rù yìí ni ìdáhùn tó yẹ kí ìlú fi lélẹ̀ títí ayé. Wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020 kí àgbẹ̀ lè dé oko rẹ̀ àti kí arìnrìn-àjò lè délé. Ó yẹ kí òbí náà lè béèrè pé kí ọ̀nà òkè wà lára ohun tí wọ́n ń ṣọ́. Ohun tí a kò bá béèrè fún àwọn ọmọ wa, kò sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀ nítorí wọn.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún àwọn tó bá ń gbé ní Òkèlúsè gan-an: ihò tí wọ́n bá wà sílẹ̀ nídìí òkúta sìmẹ́ǹtì kì í ṣe òkè, kò sì yẹ ní ibi ìṣeré. Etí rẹ̀ máa ń ya, omi òjò sì máa ń kún inú rẹ̀ láìjẹ́ kí ọmọ mọ bó ti jìn tó.

Ohun tó sì mú kí n sọ pé kí a má fi gígun òkè pẹ̀lú ọmọ falẹ̀ ni àwọn àgbà. Ẹni tí wọ́n bí sórí òkè Ìdànrè kó tó di 1923 ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ bó bá ṣì wà láyé. Àwọn tó kù fún wa ni àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n fetí ara wọn gbọ́ ilé ta ló wà níbo, odò wo ni wọ́n ń pọn, ibo ni wọ́n ti ń ta ọjà. Ilé-ìwé kì í pe màmá àgbà sínú bọ́ọ̀sì. Ilé lè pè é. Bí kò bá lè gùn ún, kó jókòó nídìí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọmọ kan, kó máa tọ́ka sí òkè, kó máa sọ ọ́ fún un, títí àwọn yòókù yóò fi sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn.