Ọkọ̀ Ọdún tí Ń Bọ̀

Irọ́ pọ̀ ní oríṣiríṣi láyé, ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi sọ lónìí kò fara jọ irọ́, nítorí pé inú ìwé ni ó ń gbé, ó ní àwòrán, ó sì ní iye owó lára. Òun ni àhesọ tí àwọn ìwé ìròyìn ọkọ̀ ti òkè òkun máa ń gbé jáde nípa ọkọ̀ asáré tí ẹnikẹ́ni kò tíì tà. Ẹni tí ó bá ti dúró nídìí àwọn tí ń ta ògbólógbòó ìwé ní Dùgbẹ̀ lè ti rí wọn: ọkọ̀ pupa kan lójú ìwé, àkọlé gàdàgbà lórí rẹ̀ pé ó ń bọ̀ lọ́dún tí ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Challenge nítorí àdúgbò tí ó ń gbé, ni ó kọ́kọ́ fi wọ́n hàn mí. Mẹkáníìkì ni, Peugeot ni ó sì ń tún ṣe ní Ring Road. Àpótí kan kún fún ìwé wọ̀nyí lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Corvette tí Chevrolet ń ṣe ni ó wù ú jù, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ọwọ́ kan ọ̀kan rí títí ó fi kú.

Ọdún 1953 ni Corvette kọ́kọ́ jáde, iwájú sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ kan níbẹ̀, Zora Arkus-Duntov, ń fẹ́ kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà sí ẹ̀yìn awakọ̀, kí ìwúwo ọkọ̀ lè tẹ táyà ẹ̀yìn tí ń tì í. Ní 1960 wọ́n ṣe CERV I, ọkọ̀ ìdánwò oníjòkòó kan, lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ní 1970 wọ́n fi XP-882 han aráyé ní New York. Lẹ́yìn náà ni Aerovette, lẹ́yìn rẹ̀ ni Corvette Indy ti 1986. Ọkọ̀ àfihàn ni gbogbo wọn. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú ń tà dáadáa. Ta ni yóò da ọbẹ̀ tí oníbàárà ń lá nù nítorí àtise òmíràn? Ṣùgbọ́n ní ti àwọn oníwèé, bí wọ́n bá ti rí ọkọ̀ àfihàn, ó di ọdún tí ń bọ̀. Bí ọdún náà bá dé tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà níwájú, wọn a mú ọdún mìíràn.

Mo fara balẹ̀ wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ dán ọkọ̀ tuntun wò lójú títì, wọn a da aṣọ bò ó tàbí kí wọ́n lẹ nǹkan alámì dúdú àti funfun mọ́ ọn lára, bí egúngún nínú ẹ̀kú. Ayàwòrán kan a lúgọ, a ya á. Ọ̀gá oníwèé a wo ẹ̀kú, a sọ orúkọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí fọ́tò rárá, wọn a ní kí ẹnìkan fi ọwọ́ ya ohun tí ó rò. “A gbọ́ pé,” “ẹnìkan nínú ilé-iṣẹ́ náà sọ fún wa,” “ó ṣeé ṣe kí”: kò sí ibi tí ẹ ti lè dì wọ́n mú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí ni pé “ó ṣeé ṣe” kì í bá èèyàn kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bí Bàbá bá ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ti di “ó ń bọ̀.” Ọdún ń gorí ọdún, ọkọ̀ kò dé, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ọdún-tí-ń-bọ̀. Àwàdà ni. Àfi ọjọ́ tí ó sọ fún oníbàárà kan pé gíà ọkọ̀ rẹ̀ kò ní gbé e dé Ìlọrin. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ṣé bíi ti ọkọ̀ ọdún tí ń bọ̀ yẹn náà ni?” Ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wọ́ ọ padà. Ọdún 2011 ni Bàbá kú.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 2019, Chevrolet ṣí aṣọ lójú Corvette tuntun ní California. Ẹ̀yìn awakọ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà. Duntov fúnra rẹ̀ ti kú láti 1996. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà, olùkọ́ ni, ní kí n gbà pé òótọ́ ni àwọn ìwé náà ń sọ láti ọjọ́ yìí wá. N kò gbà. Ẹni tí ó ń wí ní àràárọ̀ pé òjò yóò rọ̀ lónìí, ṣé a ó pè é ní awòye lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀? A máa ń wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a; ti ọkọ̀ yìí tilẹ̀ ju ogún ọdún lọ. Ọdún ni àwọn oníwèé wọ̀nyí ń tà, kì í ṣe ọkọ̀, gbogbo ọdún tí wọ́n tà ni ó sì bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á.

Mo mú fọ́tò ọkọ̀ náà lọ han ìyàwó Bàbá ní Challenge. Màmá wò ó pẹ́.

“Ṣé òun rè é?”

“Òun ni, mà.”

“Ó mà kúrú o,” ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí n bá àwọn fi sínú àpótí.